Gìtá Àfọwọ́ṣe àti Gìtá Oníná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Ọ̀nà Tó Já sí Abidjan

Gìtá àfọwọ́ṣe ni gìtá tí ẹni tí yóò máa ta á kàn fúnra rẹ̀, tàbí tí gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò bá a kàn, dípò kí ó rà á lọ́jà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìtàn irú gìtá bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn gìtá oníná, nítorí pé lára àwọn tó di ògbóǹtarìgì nínú títa gìtá oníná ni a ti rí àwọn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ iṣẹ́. Abidjan, ìlú tó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire, wà lára àwọn ibi tí ọ̀nà wọn já sí. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú ẹgbẹ́ akọrin Tinariwen ti lọ gba orin wọn sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1992. Agolo kan, igi kan àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà fi ṣe gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí ìtàn náà tó yéni, ó yẹ kí a mọ ohun tó sọ gìtá di oníná. Gìtá lásán, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní jìtá, máa ń lo ihò inú àpótí rẹ̀ láti sọ ohùn okùn di ńlá. Gìtá oníná kò nílò àpótí oníhò. Òòfà ni a gbé sábẹ́ okùn rẹ̀, tí a sì fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí wé òòfà náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nígbà tí okùn bá gbọ̀n, agbára òòfà náà yóò mì pẹ̀lú rẹ̀, iná díẹ̀ yóò sì ṣàn nínú wáyà bàbà. Iná yìí ni ẹ̀rọ amóhùngbòòrò, tí àwọn olórin ń pè ní àḿpù, ń gbà tó sì ń sọ di ariwo tí gbogbo agbo ijó lè gbọ́. Ṣùgbọ́n okùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin. Okùn ọ̀rá tàbí ti ìfun ẹran kò ní mi òòfà rárá. Kò sí ẹni tó ro èyí nígbà tó ń tú wáyà bíréèkì sí fọ́nrán-fọ́nrán láti fi ṣe okùn gìtá, ṣùgbọ́n irin ni wáyà bíréèkì. Bí wọ́n bá gbé òòfà sábẹ́ gìtá àwọn ọmọ aṣálẹ̀ wọ̀nyẹn, yóò gbọ́ ohùn wọn.

Ní Kinshasa, ẹgbẹ́ Konono N°1 tí Mingiedi Mawangu dá sílẹ̀ fi hàn bí ọgbọ́n yìí ṣe lè jìnnà tó. Àgídìgbo kékeré tí wọ́n ń pè ní likembé ni ohun èlò wọn. Wọ́n wá òòfà láti inú àlòkù ẹ̀yà mọ́tò, wọ́n fi wáyà bàbà wé e, wọ́n sì sọ likembé di oníná kí ohùn rẹ̀ lè borí ariwo ìgboro. Àwo wọn tó jáde ní ọdún 2004, *Congotronics*, ló gbé wọn dé etígbọ̀ọ́ àwọn ará Yúróòpù.

Kì í ṣe Áfíríkà nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1940, Les Paul, olórin ará Amẹ́ríkà, lo ilé-iṣẹ́ Epiphone ní New York láti lẹ okùn àti òòfà mọ́ ìtì igi kan tó nípọn ní íńṣì 4 síhìn-ín, íńṣì 4 sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó la ara gìtá kan sí méjì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìtì igi náà kí ó lè jọ gìtá lójú àwọn òǹwòran. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Brian May, tó wá di olùta-gìtá ẹgbẹ́ Queen, àti Harold bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kan gìtá kan nílé nítorí pé owó wọn kò tó ra ti ilé-iṣẹ́. Igi tí wọ́n yọ lára ibi ìdáná ilé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀. Sípíríìǹgì inú ẹ́ńjìnnì alùpùpù ló wà lábẹ́ ọ̀pá tí a fi ń mi ohùn rẹ̀, bọ́tìnnì láti inú àpótí ìránṣọ ìyá May sì ni àmì tó wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fi ohun ìkun tí ń dán bí ike kùn ún, èyí tó jẹ́ kí pupa igi náà hàn gedegbe. Nítorí àwọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Red Special. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é, òun náà sì ni May ń ta títí dòní. Àìlówó kan náà ló bí gìtá May àti ti àwọn ọmọ Sàhárà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà nílé Harold May, tó jẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ iná, pọ̀ ju ohun tó wà nínú àgọ́ ìsáǹsá lọ fíìfíì.

Láàárín àwọn Yorùbá, iná wọ inú gìtá nítorí ìlù. Nígbà tí Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orin jùjú ní Èkó láàárín ọdún 1930 sí 1940, ẹgbẹ́ wọn kò ju ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: olórin tó ń ta ohun èlò olókùn, ẹni tó ń gbá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń lu jùjú. Bí ìlù bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn okùn yóò sọnù. Ní ọdún 1948 ni Akanbi Wright, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gẹ́, mú gángan wọ inú jùjú. Ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí fi iná ta gìtá. Ọdún kan péré ló wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, kò sì yẹ kí a kà á sí èèṣì. Bí ohùn gìtá bá ti lè ga dé ibi tí a bá fẹ́, kò sí ìdí tí a kò fi ní kó ìlù Yorùbá wọlé. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ jùjú ti ń gbòòrò títí ó fi dé orí Ebenezer Obey àti Sunny Adé, tí gìtá inú ẹgbẹ́ wọn ju ẹyọ kan lọ dáadáa. Àwo *Juju Music* tí Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982, Lomé ní Tógò ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, gìtá onírin tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kọ ìtàn orin sábà máa ń fò dá: ta ló ni gìtá náà? Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jùjú àti háíláìfù, ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ni gbogbo ohun èlò. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kúrò, ọwọ́ òfo ni yóò fi kúrò. Ní Guinea, lábẹ́ ìjọba Sékou Touré, ìjọba ló ra gìtá fún àwọn ẹgbẹ́ bíi Bembeya Jazz, ìjọba ló sì ń san owó oṣù wọn. Ní Bamako, ẹgbẹ́ Les Ambassadeurs tí Salif Keïta àti Kanté Manfila wà nínú rẹ̀ ń ṣeré ní ilé-ìtura Motel de Bamako, lábẹ́ ààbò Tiékoro Bagayoko, ọ̀gá àwọn aláàbò. Nígbà tí wọ́n mú Bagayoko ní oṣù Kejì ọdún 1978, ilẹ̀ ya lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn akọrin náà. Salif Keïta àti Manfila kó lọ sí Abidjan pẹ̀lú àwọn kan nínú ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba orin *Mandjou* sílẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tí gìtá rẹ̀ bá jẹ́ tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ agolo, kò sí ọ̀gá, hótẹ́ẹ̀lì tàbí ìjọba tó lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló fa gbogbo wọn lọ sí Abidjan? Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi Vridi láti inú ọ̀sà dé òkun ní ọdún 1950, ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé dé ìlú náà, kòkó, kọfí àti igi gẹdú sì ń bá wọn jáde. Ilé ijó àti ilé ọtí kún Treichville. Amédée Pierre ń kọrin ní èdè Bété níbẹ̀ kí Ernesto Djédjé tó dé pẹ̀lú ijó ziglibithy. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, tí Manu Dibango láti Kamẹrúùnù darí láàárín ọdún 1975 sí 1979. Nígbà tó yá, ará Faransé kan, Jacques Bizollon, dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ JBZ sílẹ̀, tí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ ibẹ̀.

Àwọn Yorùbá kò jìnnà sí gbogbo èyí. Anago ni wọ́n ń pè wọ́n ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ lọ, débi pé ọkọ̀ ń ti Èjìgbò lọ tààrà sí Abidjan, tí kò sì ṣòro láti rí ẹni tó gbọ́ Faransé ní Èjìgbò. Ọjà ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà, àwo orin sì wà lára ọjà. Àwo Djédjé tó lókìkí jù lọ, *Ziboté*, ti ọdún 1977, ilé àwo orin Badmos ló gbé e jáde, orúkọ tí Yorùbá yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìgékúrú Gbàdàmọ́sí ni. Èkó ni wọ́n sì ti gba orin náà sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àwo tí àwọn ará Côte d'Ivoire kà sí òpó orin orílẹ̀-èdè wọn kọjá lábẹ́ ọwọ́ Yorùbá àti láàárín ìlú Yorùbá kí ó tó délé.

Ẹgbẹ́ Tinariwen wá láti ọ̀nà tó jìn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Agbègbè Tessalit ní àríwá Málì ni wọ́n bí Ibrahim Ag Alhabib sí. Ní ọdún 1963, nígbà ọ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn Tuareg ṣe sí ìjọba Málì, wọ́n pa bàbá rẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Àwọn ẹbí rẹ̀ sá lọ sí Àlgéríà, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi. Nígbà tó rí màlúù-dàràn-dàràn kan tó ń ta gìtá nínú fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà, ó lọ wá agolo, ó fi igi sí i lọ́rùn, ó sì fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe okùn. Orin àtijọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ àti orin Lárúbáwá tó ń gbọ́ ni ó fi ń ta. Ọdún 1979 ni gìtá gidi tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ní Tamanrasset, ibẹ̀ sì ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Ìtumọ̀ orúkọ wọn ni "àwọn aṣálẹ̀".

Ní ọdún 1980, Muammar Gaddafi pe àwọn ọ̀dọ́ Tuareg sí Líbyà láti wá kọ́ṣẹ́ ogun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lọ. Nínú àgọ́ àwọn ọmọ ogun, ìbọn wà lọ́wọ́, gìtá náà sì wà lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ilé ìgbohùnsílẹ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ kan, wọ́n sì kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá yóò gba orin lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ káàkiri Sàhárà, ẹnìkan ń dà á kọ fún ẹlòmíràn títí ohùn rẹ̀ fi ń ha. Ìjọba Málì fòfin de níní wọn lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú wọn ni ìrora àwọn tó wà lájò àti ìpè sí ọ̀tẹ̀, ohun tó sì gbé e lọ kò ju gìtá àti ohùn ènìyàn lọ. Ọ̀tẹ̀ náà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1990. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1992, ìjọba Málì àti àwọn ọlọ́tẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Lọ́dún kan náà ni àwọn kan nínú Tinariwen sọ̀kalẹ̀ láti aṣálẹ̀ lọ sí etí òkun, sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ JBZ ní Abidjan. Ẹni tó ti ń gba orin sílẹ̀ nínú àgọ́ ogun wá dúró níwájú ẹ̀rọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ìlú ńlá. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2012, àwo wọn *Tassili* gba ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà.

Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ogun Ansar Dine gba apá kan àríwá Málì, tí wọ́n sì fòfin de orin. Wọ́n mú Abdallah Ag Lamida, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, nígbà tó ń gbìyànjú láti gba àwọn gìtá rẹ̀ là. Wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn tó bá rò pé ọ̀rọ̀ gìtá jẹ́ ọ̀rọ̀ eré lásán yẹ kí wọ́n ronú sí èyí.

Igi tí wọ́n fi ń ṣe gìtá kò jìnnà sí Abidjan rárá. Ọ̀gànwó tó ń hù nínú igbó gúúsù Côte d'Ivoire, onímọ̀ ewéko ará Faransé Auguste Chevalier ló fún un ní orúkọ *Khaya ivorensis*, tí ìlú náà fi wà nínú orúkọ igi. Àwọn aṣe-gìtá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń lò ó fún ara àti ọrùn gìtá. Igi míràn wà tí àwọn oníṣòwò gẹdú ní Nàìjíríà ń pè ní afara, tí àwọn ti Côte d'Ivoire ń pè ní fraké. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gibson gbé gìtá Flying V àti Explorer jáde ní ọdún 1958, igi Áfíríkà yìí ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì pè é ní korina lórí ọjà. Wọn kò fi ọ̀dà bò ó. Wọ́n jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tó dà bí oyin hàn. Àwọn tó bá rí ojúlówó ti ọdún náà rà lónìí, owó ilé ni wọ́n ń san. Igi ń ti etíkun wa jáde ní ìtì, ó ń padà wálé ní gìtá tí ọ̀dọ́ Treichville kò lè rà.

Ti ọ̀dà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹni tó bá kan gìtá ní ìlú bí Abidjan tàbí Ìbàdàn, ọ̀dà tó sún mọ́ ọn jù ni ti àwọn akunmọ́tò, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fín. Ẹlòmíràn lè kà á sí àìrójú-àìráyè, ṣùgbọ́n ohun tí Fender ṣe ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Pupa tí ilé-iṣẹ́ náà pè ní Fiesta Red, ọ̀dà DuPont tí wọ́n fi kun ọkọ̀ Ford Thunderbird ti ọdún 1956 ni. Búlúù tí wọ́n pè ní Lake Placid Blue, ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ fi kùn. Ọ̀dà yìí gbajúmọ̀ nítorí pé ó máa ń yá gbẹ, ó máa ń dán, ó sì wà nílẹ̀. Ohun tó yẹ kí aṣe-gìtá ṣọ́ra fún ni pé kí ó má kùn ún nípọn jù lórí gìtá oníhò, nítorí ọ̀dà tó pọ̀ kì í jẹ́ kí igi gbọ̀n dáadáa. Lórí gìtá oníná tí kò ní ihò, ìpalára rẹ̀ kéré.

Àwọ̀ kan ló sọ fíìmù kan ní orúkọ. Mdou Moctar, Tuareg láti orílẹ̀-èdè Niger, dàgbà nínú ìdílé ẹlẹ́sìn tí kò fẹ́ kí ọmọ wọn máa ta gìtá. Kò ní owó láti ra èyí tó wù ú, kò sì sí ẹni tí yóò rà á fún un, nítorí náà ó fi igi kan ara rẹ̀. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni okùn, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí agolo sàdíìnì ni ó sì fi ń yí okùn náà le. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta. Sókótó ní Nàìjíríà ló ti gba àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, *Anar*, sílẹ̀ ní ọdún 2008. Kò sí ilé àwo tó gbé e kiri. Orí fóònù ni àwọn ènìyàn ti ń fi orin náà ránṣẹ́ sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí kásẹ́ẹ̀tì Tinariwen ṣe rìn kí fóònù tó dé.

Ní ọdún 2015, Christopher Kirkley láti Amẹ́ríkà ṣe fíìmù kan ní Agadez pẹ̀lú rẹ̀, ìtàn ọ̀dọ́ olùta-gìtá kan tí bàbá rẹ̀ kò fara mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Elésè àlùkò ni àwọ̀ alùpùpù tí ọ̀dọ́ náà ń gùn. Èdè Tamasheq kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àwọ̀ yìí. Nítorí náà orúkọ fíìmù náà, *Akounak Tedalat Taha Tazoughai*, túmọ̀ sí òjò tó ní àwọ̀ búlúù tí pupa díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn Yorùbá, tí ẹyẹ àlùkò ti bá yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti ayébáyé, lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òun ni fíìmù ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní èdè Tamasheq. Lónìí, gìtá Fender aláwọ̀ funfun tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì ni Mdou Moctar fi ń ṣeré.